Àwọ̀ Tó Wọnú Amọ̀: Sẹ̀gi Ògìyán, Àwo Tánganran àti Iṣẹ́ Ọnà Ranti Bam

Funfun ni àwọ̀ tí gbogbo ènìyàn mọ̀ mọ òrìṣà Èjìgbò. Ògìyán, tí àwọn mìíràn ń pè ní Òrìṣà Ògìyán, wà lára àwọn òrìṣà funfun tí Ọbàtálá jẹ́ olórí wọn. Iyán ni ààyò oúnjẹ rẹ̀, orúkọ rẹ̀ sì ń tọ́ka sí i. Ṣùgbọ́n funfun Ògìyán kì í dá dúró. Ní ilẹ̀ Brazil, níbi tí àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n kó lẹ́rú gbé òrìṣà yìí dé, tí wọ́n sì ń pè é ní ọba Èjìgbò títí di òní, ìlẹ̀kẹ̀ tí àwọn ọmọ rẹ̀ ń fi sọ́rùn jẹ́ funfun tí wọ́n fi sẹ̀gi aláwọ̀ búlúù pín láàrin. Ohun kékeré ni lójú, àmọ́ ó tó láti fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ lórí ọnà àti àwọ̀. Kò sí ẹni tó kun sẹ̀gi ní búlúù. Bí ó bá fọ́ sí méjì, búlúù náà wà nínú rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ó ṣe wà lára rẹ̀.

Ìyàtọ̀ tó wà láàrin àwọ̀ tí a fi bo nǹkan lójú àti àwọ̀ tó wọnú ara nǹkan ṣe pàtàkì fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ ṣe lámèyítọ́ iṣẹ́ amọ̀ lónìí, pàápàá iṣẹ́ àwọn oníṣẹ́-ọnà tí ọkàn wọn fà sí tánganran aláràbarà. Èrò kan wà tó rọrùn láti gbà, pé tánganran jẹ́ ohun òkèèrè, pé amọ̀ pupa ni tiwa, àti pé amọ̀kòkò Yorùbá tó bá ń lé àwọ̀ kiri ti yà kúrò lójú ọ̀nà àwọn ìyá rẹ̀. Orúkọ tí à ń pe nǹkan náà dà bí ẹ̀rí fún èrò yìí. Nínú ilé, abọ́ onírin tí wọ́n fi ọ̀dà dídán bò, tí wọ́n sì ya òdòdó sí nínú, tánganran ni; àwo ẹlẹgẹ́ tó ti Ṣáínà tàbí Yúróòpù dé, tánganran náà ni. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló bo irin àti amọ̀, nítorí pé dídán rẹ̀ àti òdòdó ojú rẹ̀ ni ènìyàn ń rí. Ìyàwó ń gbé e lọ sílé ọkọ, ó sì ń jókòó sínú kọ́bọ́ọ̀dù títí di ọjọ́ tí àlejò pàtàkì bá dé. Ẹni tó bá fi èyí nìkan wọn ọ̀rọ̀ náà yóò gbà pé àwọ̀ lára àwo jẹ́ ohun tí a yá lọ́wọ́ oníṣòwò.

Ìkòkò nìkan ni èrò yẹn wò. Bí ó bá wo ìlẹ̀kẹ̀, títì àti aṣọ, kò ní lè dúró.

Ilé-Ifẹ̀ ni ó yẹ kí á ti kọ́kọ́ wò. Ní Igbó Olókun, ìwádìí tí onímọ̀ ìwalẹ̀pìtàn Abidemi Babatunde Babalola ṣe, tí àbọ̀ rẹ̀ jáde nínú jọ́nà Antiquity ní ọdún 2017, hú ìlẹ̀kẹ̀ dígí tó lé ní 12,000 jáde, pẹ̀lú àwọn àfọ́kù ìkòkò tí wọ́n fi ń yọ́ dígí. Ohun tó mú kí ìròyìn náà tàn káàkiri ni pé dígí ibẹ̀ kì í ṣe èyí tí wọ́n kó wọlé láti òkèèrè kí wọ́n tó tún un yọ́. Èròjà inú rẹ̀ fi hàn pé àwọn ará Ifẹ̀ ló pò ó fúnra wọn, láàrin ọ̀rúndún kọkànlá sí ìkẹẹ̀ẹ́dógún. Kóbálìtì wà lára ohun tó fún àwọn búlúù ibẹ̀ ní àwọ̀. Kóbálìtì yìí kan náà ni àwọn ará Ṣáínà fi ya àwo tánganran aláwọ̀ búlúù àti funfun tó di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká láti ọ̀rúndún kẹrìnlá. Ní Ṣáínà, wọ́n fi búrọ́ọ̀ṣì ya kóbálìtì sójú àwo funfun, wọ́n sì fi omi dígí bò ó. Ní Ifẹ̀, wọ́n pò ó mọ́ dígí fúnra rẹ̀. Àwọn alágbẹ̀dẹ iná méjèèjì kò mọ ara wọn, èròjà kan náà ni wọ́n sì fi ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ìpinnu wọn nípa ibi tí ó yẹ kí àwọ̀ gbé yàtọ̀ síra.

Títì àpáàdì Ifẹ̀ sọ ohun tó jọ èyí. Ìtàn ìlú fi iṣẹ́ náà lé Lúwo lọ́wọ́, obìnrin tó jọba ní Ifẹ̀. Ẹni tó bá ti rí àwókù títì wọ̀nyí yóò ti ṣàkíyèsí pé wọn kò tẹ́ àpáàdì náà ní pẹlẹbẹ. Wọ́n tò ó lóòró, kí etí rẹ̀ lè wà lókè, ìlà kan ń dà sọ́tùn-ún, èkejì ń dà sósì, bí egungun ẹja. Ní àwọn ibòmíràn wọ́n to òkúta wẹ́wẹ́ funfun sáàárín rẹ̀. Ohun tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀ níbẹ̀ ni inú ìkòkò, ibi tí ó ti fọ́, tí àwọ̀ amọ̀ tí iná ti là kọjá ń hàn, níbi kan pupa, níbi kejì dúdú. Ọnà náà ti inú nǹkan wá. Àwọn amọ̀kòkò ilẹ̀ Japan ní ìlànà kan tí wọ́n ń pè ní nerikomi: wọ́n á po oríṣiríṣi àwọ̀ mọ́ amọ̀ funfun, wọ́n á tẹ́ ẹ léra wọn, wọ́n á gé e lábùú, wọ́n á sì to ojú ibi tí wọ́n gé pọ̀ di àwo, tó fi jẹ́ pé ọnà tó wà lẹ́yìn àwo náà ló wà nínú rẹ̀. Kò sí ẹni tó lè sọ pé títì Ifẹ̀ àti nerikomi bá ara wọn tan. Ojú tó ń wo etí nǹkan, tó ń rí ọnà níbẹ̀, ni wọ́n jọ ní.

Aṣọ òkè ni àpẹẹrẹ tó súnmọ́ ènìyàn jù. Nínú àdìrẹ, wọ́n ti hun aṣọ tán kí aró tó kàn án. Nínú aṣọ òfì, òwú ni wọ́n ti rẹ ṣáájú. Àwọ̀ ti wà kí aṣọ tó wà. Ẹ̀tù kò lè ṣí láwọ̀ lójú kan kí inú rẹ̀ má mọ̀. Ìgbà tí wọ́n bá sì hun ún tán ní ọ̀já tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n á rán an pọ̀ létí, bí ẹni to amọ̀ aláwọ̀ pọ̀ gẹ́lẹ́.

Kí ló wá dé tí ìkòkò kò fi bá wọn lọ? Ìdáhùn rẹ̀ wà nínú amọ̀, kì í ṣe nínú ọgbọ́n ẹni tó ń mọ ọ́n. Ní Ìpetumodù, tí òun náà wà ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun bíi ti Èjìgbò, tí ìkòkò mímọ sì jẹ́ iṣẹ́ àwọn obìnrin ibẹ̀ láti ìrandíran, amọ̀ tí wọ́n ń wà ní irin nínú. Irin yìí ló ń sọ ọ́ di pupa nígbà tí iná bá kàn án, pupa náà sì ń gbé àwọ̀ yòówù tí ènìyàn bá pò mọ́ ọn mì. Yàtọ̀ sí èyí, iná ìta gbangba tí wọ́n fi koríko àti igi dá kì í sábàá kọjá ìwọ̀n ooru 900 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ọgbọ́n tí àwọn ìyá dá ni pé kí ọnà wọlé nígbà tí amọ̀ ṣì tútù: wọ́n á yí ṣùkù àgbàdo, igi tí wọ́n gbẹ́ tàbí okùn tí wọ́n lọ́ lára rẹ̀, kí ojú rẹ̀ lè tẹ̀ sí i. Ní ti àwọ̀, ẹ̀yìn iná ni ó ń dé. Ní Ìlọrin, wọ́n máa ń da omi èèpo igbá sí ìkòkò náà lára bó ṣe ń ti inú iná bọ̀, kí ó lè dúdú kí ó sì dán. Ìtẹ̀ ni ọnà ìkòkò wa; àwọ̀ kàn jẹ́ ìparí iṣẹ́. Kì í ṣe pé wọn kò fẹ́ àwọ̀.

Ohun tí tánganran fi yàtọ̀ nìyí. Kaolin, tó bá ẹfun tan, ni ìpìlẹ̀ rẹ̀. Wọ́n á fi feldspar àti quartz kún un, wọ́n á sì fi iná tó tó 1,300 sè é títí yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ di dígí. Nítorí funfun rẹ̀, ó ń jẹ́ kí àwọ̀ sọ̀rọ̀. Bí a bá po kóbálìtì mọ́ ọn, búlúù ni yóò jáde. Bí a bá po kírómíọ́ọ̀mù mọ́ ọn, ewéko. Amọ̀ tó fẹ́ di dígí, tó funfun, tó sì lè gba àwọ̀ sínú: ẹni tó bá mọ sẹ̀gi mọ́ funfun Ògìyán kò ní pe èyí ní àjèjì pátápátá.

Iṣẹ́ àwọn oníṣẹ́-ọnà ni ó yẹ kí á fi dán ọ̀rọ̀ yìí wò. Ladi Kwali kì í ṣe Yorùbá, Gbagyi ni, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lè sọ̀rọ̀ amọ̀ ní Nàìjíríà kí ó fò ó. Láti ọdún 1954 tí ó ti wọ ilé-ẹ̀kọ́ ìkòkò mímọ tí Michael Cardew dá sílẹ̀ ní Àbújá, ìyẹn Suleja òde òní, ó ń fa ìlà aláǹgbá, àkekèé àti ẹja sára ìkòkò tútù, amọ̀ funfun sì ń kún inú ìlà náà kí dígí tó bò ó. Àwọ̀ ibẹ̀ wà nínú kòtò tí a gbẹ́ fún un. Lawson Oyekan, tí wọ́n bí ní London ní ọdún 1961 tó sì gba ẹ̀bùn tó ga jù ní ìdíje amọ̀ àgbáyé ti Korea ní ọdún 2001, ti fi tánganran ṣiṣẹ́. Àmọ́ ìmọ́lẹ̀ tó ń gba ihò kọjá ni ó gbájú mọ́, kì í ṣe àwọ̀. Ranti Bam, tí wọ́n bí ní Èkó, tó ń ṣiṣẹ́ láàrin Èkó àti London, ni ẹni tó gbé àwọ̀ síwájú jù.

Ìlànà rẹ̀ nínú àwọn àwo aláràbarà rẹ̀ rọrùn láti ṣàlàyé. Ó ń tẹ́ amọ̀ sílẹ̀ ní pẹlẹbẹ, ó ń fi omi amọ̀ aláwọ̀ ya ọnà sí i lójú nígbà tí ó ṣì rọ̀, lẹ́yìn náà ni ó ń gé e, tí ó ń ká a, tí ó sì ń so ó pọ̀ di àwo. Ẹ̀yìn àwọ̀ ni ìrísí ń dé. Gbogbo ètò tí a rí ní Ìpetumodù ló yí padà níbí: ìyá amọ̀kòkò ń mọ ìkòkò tán kí ó tó tẹ ọnà sí i, obìnrin yìí ń ya ọnà tán kí ó tó mọ̀ bí àwo náà yóò ṣe rí. Nítorí náà, ọnà rẹ̀ kì í yí àwo po ní ìdọ́gba. Ìlà kan lè bẹ̀rẹ̀ kí ó sì gé sí ibi tí wọ́n ti so amọ̀ pọ̀. Àwọ̀ pupa lè ti inú yọ síta níbi tí ètè àwo ti ṣẹ́ po. Ayọ̀ wà nínú àwọn iṣẹ́ wọ̀nyí, ayọ̀ ẹni tó ń ṣí ìdì aṣọ lọ́jọ́ àríyá. Wọ́n fúyẹ́, wọn kò sì bẹ ẹnikẹ́ni kí ó wá ìtumọ̀ fún wọn.

Síbẹ̀, ó yẹ kí á sọ ibi tí wọ́n dúró sí. Omi amọ̀ aláwọ̀ kò wọnú ara àwo bí kóbálìtì ṣe wọnú sẹ̀gi. Níbi tí etí amọ̀ bá ti hàn, ara amọ̀ lásán ló wà lábẹ́ rẹ̀. Ohun tí ó ṣe jọ aṣọ tí wọ́n tẹ ọnà sí lójú kí télọ̀ tó gé e, ju aṣọ òfì tí òwú rẹ̀ ti mu aró lọ. Àwọn tó ń yìn ín pé ó sọ amọ̀ di aṣọ tọ̀nà, ṣùgbọ́n aṣọ wo? Bí ó bá jẹ́ pé ó ń po àwọ̀ mọ́ amọ̀ funfun kí ó tó tẹ́ ẹ, gígé tí ó ń gé e ì bá máa ṣí nǹkan tuntun payá ní ojú kọ̀ọ̀kan. Ní báyìí, gígé náà ń dá ọnà dúró lójijì, ó sì ń fi inú tí kò ní ọnà hàn. Nínú díẹ̀ lára àwọn àwo náà, ìdúró yìí lẹ́wà bí ẹni tó gbẹ́nu dúró láàrin ọ̀rọ̀. Ní àwọn mìíràn, ó kàn dà bí ibi tí ọ̀dà tán sí.

Ọ̀wọ́ iṣẹ́ rẹ̀ tó gbajúmọ̀ jù kì í ṣe èyí. Ifa ni wọ́n ń pè é, àwọn ènìyàn sì rí lára rẹ̀ ní ìpàtẹ Liverpool Biennial ti ọdún 2023, nínú ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì kan nítòsí odò ìlú náà. Amọ̀ gíga tó ṣófo nínú ni wọ́n; Ranti Bam ń gbá wọn mọ́ra nígbà tí wọ́n ṣì tútù, kí ìwúwo ara rẹ̀ lè tẹ̀ wọ́n, kí wọ́n sì wó díẹ̀. Iná á wá gba ohun tí ara bẹ̀rẹ̀, ibi tó ti fẹ́lẹ́ á sán. Àlàyé tó ń bá iṣẹ́ náà rìn ni pé orúkọ rẹ̀ ní ìtumọ̀ méjì: Ifá tí babaláwo ń dá, àti fífa nǹkan sún mọ́ra.

Níbí ni lámèyítọ́ tó gbọ́ Yorùbá ti ní iṣẹ́ tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní London kò lè bá a ṣe. Pọ́nna yìí kò sí nínú èdè. Orí ìwé nìkan ló wà. Ohùn àárín àti ohùn òkè ni Ifá ní. Ohùn ìsàlẹ̀ ni fà. Yorùbá kankan kò lè pe ọ̀kan kí etí gbọ́ èkejì. Akọ́tọ́ tí kò ní àmì ohùn ló sọ wọ́n di ọ̀kan. Ẹni tó bá yára yóò ní àṣìṣe ni, ṣùgbọ́n ìdájọ́ bẹ́ẹ̀ ti le jù, nítorí pé ọfọ̀ àti ẹsẹ Ifá kún fún irú eré ìró bẹ́ẹ̀, níbi tí orúkọ ewé ti ń fa iṣẹ́ tí ewé náà yóò ṣe jáde láti inú ìró rẹ̀. Ohun tó yẹ kí á bèèrè ni bóyá eré náà kún tó.

Kò kún tó. Fà nìkan kò túmọ̀ sí kí nǹkan sún mọ́ ènìyàn. Mọ́ra ni ó fún un ní ìfẹ́ tó wà níbẹ̀. Bí a bá mú mọ́ra kúrò, a lè fa nǹkan sẹ́yìn, a lè fà á gùn, a sì lè fà á ya. (Ìfà tún wà, ohun tó bọ́ síni lọ́wọ́ láìlàágùn, ẹni tó bá fẹ́ ṣe àwàdà yóò ní èyí gan-an ni orúkọ Ifá jẹ́ fún oníṣẹ́-ọnà ní òkèèrè.) Àlàyé náà mú ìfàmọ́ra, ó fi ìfàya sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀, ìfàya ni ojú ń rí lára iṣẹ́ náà! Ibi tí amọ̀ ti sán, tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé, ni agbára wọn wà. Ìfẹ́ tí ó gbá nǹkan mọ́ra títí tí nǹkan náà fi ya. Bí wọ́n bá kọ ọ̀rọ̀ náà pẹ̀lú àmì ohùn, bí wọ́n bá bèèrè lọ́wọ́ ẹni tó gbọ́ èdè náà, iṣẹ́ náà ì bá ní ìtumọ̀ tó le, tó sì jinlẹ̀ ju èyí tí wọ́n fún un lọ. Iṣẹ́ náà mọ̀ ju àlàyé rẹ̀ lọ, èyí sì jẹ́ ìyìn fún ọwọ́ tó ṣe é.

Ọ̀rọ̀ yìí kò parí sí London. Ní ọdún 2022, ìpàtẹ Body Vessel Clay, tí Jareh Das ṣètò ní Two Temple Place ní London, kó àádọ́rin ọdún iṣẹ́ amọ̀ àwọn obìnrin aláwọ̀ dúdú jọ, Ladi Kwali sì wà níbẹ̀. Ladi Kwali ní orúkọ nítorí pé ilé-iṣẹ́ Àbújá jẹ́ kí amọ̀kòkò kọ̀ọ̀kan tẹ àmì tirẹ̀ sídìí ìkòkò. Ìkòkò Yorùbá tó wà ní àwọn ilé àkójọ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ní òkèèrè kò ní irú àǹfààní bẹ́ẹ̀. Orúkọ ìlú ni wọ́n sábàá kọ sí wọn lára, nígbà mìíràn orúkọ ẹ̀yà nìkan. Àwọn ìyá Ìpetumodù ń tẹ ọnà, wọn kì í tẹ orúkọ. Láti Èjìgbò dé Ìwó, dé Ẹdẹ, ike àti abọ́ onírin ti gba ipò àmù àti ìṣaasùn nínú ilé, ọmọbìnrin tó bá sì wo èrè ọwọ́ ìyá rẹ̀ kò ní fẹ́ jókòó ti amọ̀.

Bóyá tánganran aláwọ̀ lè fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ní ìdí láti jókòó jẹ́ ìbéèrè tí a lè dán wò. Kaolin wà nílẹ̀ ní Ìjẹ̀rò-Èkìtì, kò jìnnà sí Ọ̀ṣun. Ẹ̀ka ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ń kọ́ni ní iṣẹ́ amọ̀, Ìpetumodù sì wà lẹ́bàá rẹ̀. Ohun tí àwọn kan máa ń tọ́ka sí ni iná: pé ìwọ̀n ooru 1,300 kò ṣeé dé ní ilẹ̀ tí iná mànàmáná kì í dúró. Ṣùgbọ́n igi ni wọ́n fi ń dáná sí ìléru Àbújá ní àwọn ọdún 1950, ìkòkò ibẹ̀ sì le bí òkúta nígbà tó jáde.